Ìfọwọ́sí Bàbá Colman

Ros Dubh, Mayo,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ọdún 2017

Festy ọmọ mi,

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o tó máa wá èyí tí o máa fún mi. Delia aládùúgbò mi ti fún mi ní tirẹ̀. Fadá Heraty ti fún mi ní tirẹ̀. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lánàá, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá mi sọ. Mo ní kó gbé lẹ́tà sílẹ̀ kó máa lọ.

Ṣé ara le? Báwo ni ooru ibẹ̀ yẹn? Níbí, òjò ò tíì dá láti ọjọ́ Kérésì. Orúnkún mi òsì ti kú, ọ̀tún ló ń bá a ṣiṣẹ́. Adìẹ mẹ́fà ló kù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kó àwọn yòókù. Mo ṣì ń dáná fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mo fi ń kọ̀wé, torí o kì í gbé fóònù mi mọ́. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ọkùnrin ni òun. Ọdún tí o gbé e sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi tí o lọ síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ọdún yẹn náà ló fi àlùmọ́gàjí tí mo fi ń rẹ́ irun àgùntàn gé irun orí rẹ̀ dànù. O rẹ́rìn-ín. O ní á tán lára rẹ̀. Kò tán. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní oṣù kọkànlá, Colman la sì ń pè é nínú ilé yìí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Mo sunkún fún oṣù kan, mo bá a jà fún oṣù méjì. Nígbà tó yá mo wo ojú ọmọ náà, mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń jà.

Òfin ti wà báyìí. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún lè buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀, kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọkùnrin tàbí obìnrin bó ṣe jẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ lọ síwájú adájọ́, pẹ̀lú ìwé dókítà méjì àti ìfọwọ́sí òbí. Ìwé dókítà ti wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ sí Dublin, mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú orúnkún yìí. Attracta ìyàwó rẹ ti kú, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ìwọ nìkan lòbí tó kù. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Sístà ní àwọn ò lè pè é ní Colman, àwọn ò sì lè jẹ́ kó bọ́ síkẹ́ẹ̀tì, àfi bí ìwé kóòtù bá dé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é ní Sabina, orúkọ tí ìwọ àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, létí gbogbo kíláàsì, lójoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ padà wálé bí mo ṣe dì í.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àmọ́ mo mọ̀wé tó láti mọ ibi tí èèyàn ti ń buwọ́ lùwé. Fọ́ọ̀mù wà nínú lẹ́tà yìí. Lọ́yà ti fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Buwọ́ lù ú kí o fi ránṣẹ́. Mi ò béèrè èrò rẹ.

Màmá rẹ,
Baibín


Kalgoorlie, Australia,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 2017

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín méjèèjì. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya á. Ọ̀sẹ̀ méjì la máa ń lò lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ilé tí mo sì ń sọ yìí, yàrá kan ni, pẹ̀lú fáànù tó ń ké.

Màmá, mi ò lè buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin náà wà níbi ibùsùn Attracta. Ẹ rí i pé kò lè gbé ife omi mọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló sọ ọmọ náà, ọ̀rọ̀ tó sì bá mi sọ kẹ́yìn ni pé, "Bá mi tọ́jú Sabina." Bí mo bá wá buwọ́ lùwé pé kò sí Sabina, ta ni mo bá a tọ́jú? Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kì í sá lọ sí Australia. Ẹ ti sọ ọ́ rí, mo ti gbọ́.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé inú fóònù làwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń kó irú èyí. Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró títí á fi pé méjìdínlógún, kó ṣe bó ṣe wù ú. Ọdún méjì kì í ṣe títí láé.

Ẹ bá mi kí i. Mo rí bàtà pupa kan tó dára nílé ìtajà, mo ti fi ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀.

Ọmọ yín,
Festy


Ros Dubh,
Ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ọdún 2017

Festy,

Bàtà dé. Ó fi nọ́ńbà mẹ́ta kéré sí ẹsẹ̀ Colman. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lo rà á fún. Mo gbé e fún ọmọ-ọmọ Delia, òun ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí Mísà.

Nípa Attracta, mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ló fi lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ náà sì fi ọmọ lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ tó rán ọ, má fi rán mi létí.

Nígbà tí o kọ̀, mo wá ọ̀nà mìíràn. O ò sí nílé nígbà Kọnfamáṣọ̀n rẹ̀, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. O mọ̀ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń mú orúkọ ẹni mímọ́ kan lọ́jọ́ náà, kí bíṣọ́ọ̀bù fi pè é bó ṣe ń ta òróró sí i níwájú orí. Àwọn ọmọbìnrin tó kù mú Bríd, wọ́n mú Bernadette. Tirẹ̀, Colman ló kọ sínú káàdì rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wò ó, ó ní, "Ṣé Colman lo kọ ni, àbí ojú mi ló fẹ́ awò tuntun?" Ọmọ ní, "Colman ni, ojú yín ò ní nǹkan kan." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, bíṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín, ó sì pè é bẹ́ẹ̀. Fadá Heraty kọ ọ́ sínú ìwé ńlá.

Mo wá rò ó pé orúkọ tí bíṣọ́ọ̀bù ti fi òróró pè, akọ̀wé kóòtù wo ló máa lóun ò mọ̀ ọ́n? Dympna Lavelle, lọ́yà tó ń bá wa ṣe é, ní, "Màmá, kóòtù ò lo ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ adájọ́ pé kó gbọ́ ọ láìsí ìfọwọ́sí bàbá. Ó máa gba oṣù díẹ̀, àmọ́ òun lọ̀nà."

Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ wà nínú ìlédìí nígbà tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣẹjọ́ ilẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ẹ borí?"

Mo mú àpò mi. Mo lọ bá Fadá.

Fadá ní, "Baibín, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà da ohun tó wà nínú ìwé yín kọ fún mi. Àbí irọ́ lẹ kọ síbẹ̀?"

Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo mú sùúùtù dúdú Bàbá rẹ jáde, mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ fún Colman, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé, "Òní ló parí." Festy, ọmọ náà kọrin. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ka ìwé Fadá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìwé yìí dára fún ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá nàgà, ó pe Sabina sáàárín gbọ̀ngàn, pẹ̀lú orúkọ rẹ tó tẹ̀ lé e, pé kó wá buwọ́ lù ú pé òun gba ìwé òun padà. Èrò kún. Àwọn ọmọkùnrin méjì láti ìlú wa wà níbẹ̀ torí ẹjọ́ mọ́tò. Colman dìde nínú sùúùtù Bàbá rẹ, ó rìn lọ síwájú, ó kọ Sabina síbi tí ọkùnrin náà nawọ́ sí.

Nígbà tá à ń padà, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló lọ jókòó sí, ó fi mí sílẹ̀ níwájú. Èmi ni mo ṣe ìyẹn, mi ò pín in fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ká ní o ti buwọ́ lù ú ni, mi ò ní dé ibẹ̀.

Fọ́ọ̀mù mìíràn nìyí.

Màmá rẹ


Ros Dubh,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ, ọdún 2017

Festy,

Oṣù mẹ́rin, o ò kọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé o ò kú, torí wọn ì bá ti ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ti ròyìn délé. Tí Colman bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Sabina, sùúùtù ńkọ́?" Kò kọjá níbẹ̀ mọ́. Kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ó bá mi gbẹ́ eèpẹ̀ àbàtà tá a máa ń sá gbẹ fi dáná bí igi lóṣù karùn-ún, àtìgbà náà, inú yàrá ló wà. Mo ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ológbò.

Mo padà lọ bá Lavelle. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ti kọ̀wé sí adájọ́, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Kóòtù máa kọ̀wé sí ọ láti béèrè bóyá o fọwọ́ sí i. Lọ́yà ní bí bàbá ò bá dáhùn rárá, adájọ́ lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí i. Nítorí náà, bí o ò bá ní buwọ́ lù ú, má dáhùn. Dákẹ́ ni. Ìyẹn ò lè ṣòro fún ọ, àtọdún mẹ́jọ lo ti ń fi í kọ́ra.

Colman ní òun ní ìwé kan tí òun fẹ́ fi sínú lẹ́tà yìí. Mi ò kà á.

Màmá rẹ

*

Dádì,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Màmá ní òun ò ní kà á, àmọ́ ẹ mọ̀ wọ́n.

Mo rántí Mọ́mì díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù, òórùn ọṣẹ sì máa ń wà lára rẹ̀. Mo rántí pé ó máa ń pè mí láti ìdí fèrèsé, àmọ́ mi ò rántí orúkọ tó fi ń pè mí, mo rántí ohùn rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá buwọ́ lù ú, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Mo fẹ́ lọ sílé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ tí mo bá jáde. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá. Mi ò lè mú èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ síbẹ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin ogójì. Ẹ̀yin náà ti bá ọkùnrin gbé yàrá rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń rí.

Bàtà yẹn lẹ́wà. Ẹ ṣé.

Colman


Kalgoorlie,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ọdún 2017

Màmá mi,

Ìwé kóòtù dé bá mi, mo sì ti dáhùn. Mo kọ ọ́ sí adájọ́ pé èmi ni bàbá rẹ̀, pé mi ò fọwọ́ sí i, pé mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ ní kí n dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí lẹ ti fi ń bú mi látọjọ́ tí mo ti dé ibí. Mo ka lẹ́tà yín níwájú àwọn tá a jọ ń gbé, mo sì rò ó pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, mi ò ní dákẹ́. Bí ó bá dùn yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ tì mí débẹ̀.

Mo ka ti ọmọ náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé Attracta gẹ́lẹ́ ni, bó ṣe ń fa ìrù lẹ́tà sílẹ̀. Mi ò lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà.

Ẹ má bínú sí mi.

Festy


Ros Dubh,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 2017

Festy,

Adájọ́ ka lẹ́tà rẹ. Ó sún ẹjọ́ sí oṣù kẹta, kó lè gbọ́ tẹnu rẹ. Colman bi Lavelle pé, "Ṣé wọ́n tún máa pe orúkọ yẹn?" Lavelle ò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Orúkọ yẹn ló wà lórí fáìlì, Colman. Wọ́n á pè é."

Lọ́jọ́ Sátidé ló pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ṣe kéèkì. Ó jẹ ẹ́, ó fọ abọ́, ó ní ó dùn. Láàárọ̀ Sọ́ńdè ibùsùn rẹ̀ ti wà ní títẹ́, bàtà Bàbá rẹ tí ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣé ó kọ̀wé sí ọ? Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni kí o dá mi lóhùn.

Màmá rẹ


Kalgoorlie,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, ọdún 2017

Màmá, kò kọ̀wé sí mi. Mo ti pe àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, wọ́n ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún tó tẹ́ ibùsùn rẹ̀ kó tó lọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni, àmọ́ àwọn á máa wò ó. Wọ́n bi mí pé aṣọ ọkùnrin ni àbí tobìnrin ló wọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní báwo ló ṣe ga tó. Mi ò mọ ìyẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Festy


Kalgoorlie,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, ọdún 2018

Màmá, mo ti pe fóònù yín títí. Delia ló gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹ wà láàyè, ẹ ò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ṣé wọ́n ti rí i? Kí Delia kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sórí ìwé, ó tó mi.

Festy


Kalgoorlie,
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọdún 2018

Màmá mi,

Mo ti buwọ́ lù ú. Àwọn fọ́ọ̀mù méjèèjì ni, torí mi ò mọ èyí tí wọ́n máa gbà. Wọ́n wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ sọ fún un.

Festy


Ros Dubh,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní, ọdún 2019

Festy,

Lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé. Mi ò dáhùn torí pé èébú nìkan ló wà lẹ́nu mi, mi ò sì fẹ́ ná owó sítáǹpù sórí èébú.

Adájọ́ ti fagi lé ẹjọ́ náà ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, torí ẹni tó pè é ò yọjú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù rẹ dé. Mo fi wọ́n dáná.

Colman wà láàyè. Ọmọ Delia tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Skọ́tílándì ló rí i, ní ìlú etíkun kan lápá òkè níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹja ló wà. Àtìdájí ló ń dúró nínú omi yìnyín, tó ń la ikùn ẹja. Orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́, torí kò ní ìwé mìíràn. Yàrá àwọn obìnrin ni wọ́n fi í sí.

Ó pé ọdún méjìdínlógún ní oṣù kọkànlá tó kọjá. Lavelle fún mi ní ìwé tuntun tí kò fẹ́ bàbá, tí kò fẹ́ adájọ́. Ojú ìwé kan péré ni, kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kó buwọ́ lù ú níwájú ẹni tó láṣẹ, ó tán. Mo fi rán ọmọ Delia sí i, mo fi bírò sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìwé náà padà wá bó ṣe lọ, òfìfo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ̀wé sí: "Màmá, ẹ ṣé. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wá níbí. Mọ́kànlélógójì ni mí. Ó tó mi. Ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́."

O ní ọdún méjì kì í ṣe títí láé. Ọdún méjì náà ti pé, wò ó.

Mo ní kí ọmọ Delia gbé fóònù sí i létí. Mo sọ fún un pé adìẹ ti ku mẹ́ta. Mo sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé. Ariwo ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wọn ni mò ń gbọ́, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pa á. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mí, dókítà ní ọkàn mi ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ní irọ́ ni, mo rìn dé ibi bọ́ọ̀sì, Delia ló gbé mi padà.

Nísinsìnyí, gbọ́ mi. Ọdún 1987, o padà wálé láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn fadá láìtíì jẹ́ fadá. Gbogbo ìlú ti ń pè ọ́ ní Fadá Festy kí o tó lọ rárá. O dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú, o ní, "Bàbá, ẹni tí ẹ fẹ́ kí n jẹ́ kọ́ ni mí." Bàbá rẹ ti ilẹ̀kùn. Ó ní Festy tí òun bí ti kú, òun ò mọ ẹni tó dúró síta yẹn. Mi ò bá a jiyàn. Mo mú ìborí mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo bá ọ lójú títì nínú òjò. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi bá ọ gbé yàrá ẹ̀yìn ilé Honor àǹtí rẹ, ìwọ lórí ibùsùn, èmi lórí àga. Wọ́n ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Mísà. O ò pè mí wá. O ní kí n padà sọ́dọ̀ ọkọ mi, o sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lo kọjú sí ògiri tí o ò dá mi lóhùn. Mo jókòó síbẹ̀ títí Bàbá rẹ fi ṣílẹ̀kùn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò mẹ́nu bà á rí.

Àdírẹ́sì Colman wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ó ní kí n má fi hàn ọ́. Mo fi hàn ọ́, kó bínú sí mi. Lọ gba yàrá ládùúgbò rẹ̀. Kò ní bá ọ sọ̀rọ̀, dúró. Á ní kí o máa lọ, dúró. Tó bá ń jáde níbi iṣẹ́, pè é ní Colman. Bí kò bá dáhùn, tún pè é lọ́jọ́ kejì.

Oṣù mọ́kànlá ni o jẹ mí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o lọ san án.